Iṣẹ́ slip ring àti split ring commutator: kí ni kí n kọ tí máàkì kò fi ní bọ́ lọ́wọ́ mi?

Akẹ́kọ̀ọ́ SS3, Èbúté-Mẹ́tta

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ físíìsì. Ìdánwò WAEC wa kò jìnnà mọ́, mo sì máa ń lọ sí lẹ́sìnnì ní Yábàá lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fún wa ní ìdánwò àṣewò, wọ́n sì bi wá léèrè iṣẹ́ tí slip ring ń ṣe nínú jẹnẹrétọ̀ a.c. (iná tí ń lọ tí ń bọ̀), àti iṣẹ́ tí split ring commutator ń ṣe nínú mọ́tò d.c. (iná tí ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo). Máàkì 6 ni ìbéèrè náà gbé, ẹyọ 1 péré ni mo rí níbẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ìdáhùn mi, ṣùgbọ́n ohun tí ó wí nìyí: “Slip ring ni ó ń sọ iná di a.c.; split ring ni ó ń sọ iná di d.c., òun ni ó sì ń jẹ́ kí mọ́tò máa yí sí apá kan náà.” Olùkọ́ tí ó máàkì rẹ̀ fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn méjèèjì, ó kọ “Níbo?” sí etí ìwé, kò sì kọ ohun mìíràn. Mo fẹ́ bi í, ṣùgbọ́n àwa tí a tò síwájú tábìlì rẹ̀ lé ní 20, ilẹ̀ sì ti ń ṣú.

Ohun tí ó rú mi lójú ni pé ìwé tí mo ń kà sọ pé slip ring wà fún a.c., split ring sì wà fún d.c., ohun tí mo sì kọ nìyẹn. Kí wá ni “níbo” tí wọ́n ń bi mí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi là á yé, nítorí n kò fẹ́ há ohun tí kò yé mi sórí.

Ọmọ Àkọkà

Àbúrò, má jẹ́ kí ó dà ọ́ láàmú. Bí a ṣe há a sórí nígbà tiwa nìyí: òrùka odindi méjì, a.c.; òrùka kan tí a là sí méjì, d.c. Bí JAMB bá bi ọ́ pé kí ni a ó yọ kúrò nínú jẹnẹrétọ̀ a.c. kí ó lè di ti d.c., kíá ni wàá mọ̀ pé slip ring ni a ó yọ, split ring ni a ó fi rọ́pò rẹ̀. Ohun tí mo fi yege nìyẹn.

Olùkọ́ físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì, Sùúrùlérè

Ohun tí Ọmọ Àkọkà sọ kì í ṣe irọ́, yóò sì ran ẹni tí ó ní láti mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó bá ní kí a ṣàlàyé kì í gba irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Ọdún 26 ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní kíláàsì, kò sì sí ìbéèrè tí mo tíì rí tí àwọn ọmọ tó gbọ́n ń pàdánù máàkì lórí rẹ̀ tó èyí. Ó máa ń dùn mí, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ náà yé dáadáa, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí olùkọ́ rẹ kọ sí etí ìwé yẹn, òun gan-an ni kọ́kọ́rọ́ ìbéèrè náà. Ibi méjì ni iná ti ń ṣàn nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí: iná kan wà nínú kọ́ìlì tí ń yí, iná kan sì wà nínú wáyà ìta, níbi tí a so bátìrì tàbí gílóòbù mọ́. Iná inú kọ́ìlì lè máa yí ọ̀nà padà nígbà tí ti ìta kò yí rárá. Bí o bá kọ “iná” lásán, tí o kò sọ èyí tí ó jẹ́ nínú méjèèjì, ẹni tí ń máàkì kò lè mọ̀ bóyá o mọ̀ ọ́n tàbí o kàn há a sórí.

Mú bébà kan. Ya orí àríwá òòfà sí apá òsì, kí o ya orí gúúsù sí apá ọ̀tún, kí o sì ya kọ́ìlì onígun mẹ́rin sáàárín wọn. Fi báírò pupa kun ẹ̀gbẹ́ kan kọ́ìlì náà, kí o fi dúdú kun ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí kọ́ìlì bá ń yí, ẹ̀gbẹ́ pupa yóò gòkè lẹ́bàá òòfà òsì, yóò sì sọ̀kalẹ̀ lẹ́bàá òòfà ọ̀tún. Fi òfin ọwọ́ ọ̀tún Fleming (èyí tí ń fi ìka ọwọ́ mẹ́ta sọ ọ̀nà tí iná ń gbà) wò ó, wàá rí i pé nígbà tí pupa ń gòkè, iná inú rẹ̀ ń lọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Nígbà tí ó ń sọ̀kalẹ̀, iná náà ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ. Èyí túmọ̀ sí pé iná ti ń yí ọ̀nà padà nínú kọ́ìlì kí ó tó dé ara òrùka kankan. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: inú kọ́ìlì ni a.c. ti wá, slip ring kọ́ ni ó dá a.

Kí wá ni slip ring ń ṣe? Òrùka bàbà odindi méjì ni, wọ́n sì ń bá kọ́ìlì yí. Ẹ̀gbẹ́ pupa so mọ́ ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ dúdú so mọ́ èkejì, búrọ́ọ̀ṣì kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, tí ó so mọ́ wáyà ìta, sì fara ti òrùka tirẹ̀. Bí ó ti wù kí kọ́ìlì yí tó, búrọ́ọ̀ṣì ti pupa kì í kúrò lára pupa, ti dúdú kì í kúrò lára dúdú, nítorí náà bí iná bá ṣe rí nínú kọ́ìlì ni ó ṣe ń jáde sí ìta. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń kọ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí wáyà má baà lọ́ mọ́ ara wọn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n split ring náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò tíì fi ìyàtọ̀ hàn. Ohun tí ó ya slip ring sọ́tọ̀ ni pé búrọ́ọ̀ṣì kan náà ń fara kan òpin kọ́ìlì kan náà nígbà gbogbo.

Split ring ní tirẹ̀ jẹ́ òrùka kan ṣoṣo tí a là sí ìdajì méjì, tí a sì fi ohun tí kò gba iná sí àlàfo àárín wọn. Pupa so mọ́ ìdajì kan, dúdú so mọ́ ìdajì kejì. Búrọ́ọ̀ṣì dúró sójú kan, àwọn ìdajì òrùka ni ó ń yí kọjá lára wọn. Nígbà tí kọ́ìlì bá ti yí ní 180 digírì, búrọ́ọ̀ṣì tí ó wà lára pupa tẹ́lẹ̀ yóò ti bọ́ sára dúdú, èyí tí ó wà lára dúdú yóò sì ti bọ́ sára pupa. Kíyè sí i pé ìdajì ìyípo ni mo wí. Ẹni tí ó bá kọ “ní gbogbo ìyípo kan” ti ba ohun tí ó dára jẹ́.

Nínú jẹnẹrétọ̀ d.c., àkókò tí iná inú kọ́ìlì ń yí ọ̀nà padà náà gan-an ni búrọ́ọ̀ṣì ń pààrọ̀ ìdajì, ìdí nìyí tí iná tí ń lọ sí gílóòbù fi ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ní kí o ya gíráàfù rẹ̀, má ṣe fa ìlà tí ó tẹ́jú bí ti bátìrì. Òkè wẹ́wẹ́ ni yóò máa tẹ̀ lé ara wọn, gbogbo wọn lókè ìlà, èyíkéyìí kò sì ní sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́.

Nínú mọ́tò d.c., òdìkejì ni, ibẹ̀ sì ni ìdáhùn rẹ ti ṣubú jù. Iná tí bátìrì ń gbé wá ti jẹ́ d.c. tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tí split ring fẹ́ sọ di d.c. níbẹ̀ mọ́. Iná inú kọ́ìlì ni ó ń yí padà sí òdìkejì ní ìdajì ìyípo kọ̀ọ̀kan, débi pé bí a bá lè wọ inú kọ́ìlì náà lọ wò ó, iná tí ń lọ tí ń bọ̀ ni a ó rí. O rí i pé òdì gan-an ni ohun tí o kọ.

Ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ yí padà nìyí. Ká ní agbára òòfà ń ti ẹ̀gbẹ́ pupa sókè nígbà tí ó wà lápá òsì. Bí ó bá dé apá ọ̀tún tí iná inú rẹ̀ kò sì yí padà, òkè náà ni agbára yóò ṣì máa tì í sí, bẹ́ẹ̀ sì ni ìsàlẹ̀ ni ó yẹ kí ó máa lọ. Kọ́ìlì yóò kàn máa mì síwá sẹ́yìn bíi jangilófà, yóò sì rọra nàró sójú kan. Bí ọmọ kíláàsì bá fi slip ring sí mọ́tò d.c., ohun tí ojú rẹ̀ yóò rí nìyẹn.

Ohun kan tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi kò sí nínú ìbéèrè rẹ, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n létí. Ọdún 1831 ni Faraday fi hàn pé òòfà tí ń rìn lè mú iná jáde nínú kọ́ìlì. Ní 1832, Hippolyte Pixii, ará ilẹ̀ Faransé, ṣe ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí, òòfà ni ó sì ń yí nínú tirẹ̀. Iná tí ó rí níbẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ irú iná tí bátìrì ń fúnni ni àwọn ènìyàn ìgbà náà ń wá. Ampère ni ó dábàá fún un pé kí ó fi commutator sí i. Nítorí náà iná tí ń lọ tí ń bọ̀ ni a kọ́kọ́ rí, òrùka tí a là ni a fi tọ́ ọ sọ́nà ní ìta.

Oníṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ àti sítátà, Ládípọ̀

Olùkọ́ àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ̀kọ́ ọwọ́ ni mo kọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ wí yìí ni mo ń fojú rí lójoojúmọ́, mo sì fẹ́ fi nǹkan díẹ̀ kún un kí àbúrò wa lè mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan inú ìwé lásán.

Sítátà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan wà lórí tábìlì mi lónìí tí ẹni tó ni ín sọ pé ó kọ̀ láti yí. Mo tú u. Commutator rẹ̀ kì í ṣe ìdajì méjì bí ti àwòrán ilé ẹ̀kọ́. Bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó lé ní 20 ni wọ́n tò yí ká bí awẹ́ ọsàn, nítorí pé kọ́ìlì inú rẹ̀ pọ̀: bí agbára ọ̀kan bá ti ń rẹlẹ̀, òmíràn á ti gbà á. Àlàfo wà láàárín awẹ́ kan àti èkejì, ó sì yẹ kí àlàfo náà mọ́. Ti èyí ti dí. Eruku búrọ́ọ̀ṣì ti kún inú rẹ̀, ó dúdú bí èédú, ó sì ti so awẹ́ mọ́ awẹ́, iná wá ń gba ibi tí kò yẹ kí ó gbà. Mo fi ègé ayùn irin fa eruku náà jáde ní àlàfo kọ̀ọ̀kan, mo fi sáńpépà wẹ́wẹ́ nu ojú bàbà títí ó fi pọ́n, mo pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì méjì tó ti jẹ tán, ó sì yí. Búrọ́ọ̀ṣì ni a fẹ́ kí ó máa jẹ, kì í ṣe bàbà, ìdí nìyí tí a fi ń fi kábọ́ọ̀nù ṣe é: ó gba iná, ó rọ̀, ó sì ń yọ̀. Ẹni tí kò bá ní sítátà nítòsí lè wo ihò abẹ́ bíléńdà tó ń lọ ata nínú òkùnkùn, yóò rí iná wẹ́wẹ́ tí ń tàn níbi tí búrọ́ọ̀ṣì ti ń kúrò lórí awẹ́ kan bọ́ sórí òmíràn.

Ohun kejì ni ti slip ring, òun ni ó jẹ́ kí n gbà pé òótọ́ ni olùkọ́ wí pé kì í yí iná padà. Ẹ mú jẹnẹrétọ̀ ilé tí ó ní búrọ́ọ̀ṣì àti AVR (ẹ̀rọ kékeré tí ń ṣàkóso vóltéèjì rẹ̀), ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ óò rí òrùka méjì tí ń dán, odindi ni wọ́n, búrọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan sì wà lórí wọn. Ẹ wá fi mítà wọn iná tí ń gba ibẹ̀ kọjá. D.c. ni! AVR ni ó ń gbé d.c. gba orí slip ring wọ inú ohun tí ń yí láàárín, kí ó lè di òòfà. A.c. tí a ń lò nínú ilé kò gba ara òrùka yẹn rárá, ara kọ́ìlì tí kò yí ni ó ti ń jáde tààrà. Bí ó bá jẹ́ pé slip ring ń sọ iná di a.c. ni, d.c. tí AVR ń gbé wá kì bá dé inú lọ́hùn-ún gẹ́gẹ́ bí d.c. Alternator inú ọkọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lọ tú àwọn kékeré tí a ń pè ní I pass my neighbour nítorí èyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní búrọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ Àkọkà

Mo gba ọ̀rọ̀ yín, ẹ̀yin àgbà. Láti ọjọ́ yìí wá ni mo ti ń rò pé òrùka náà ni ó ń pinnu irú iná tí yóò wà. Ẹ ṣeun.

Akẹ́kọ̀ọ́ SS3, Èbúté-Mẹ́tta

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Ládípọ̀. Mo ya àwòrán náà pẹ̀lú báírò pupa àti dúdú bí ẹ ti wí, “níbo” sì ti yé mi. Mo tún ìdáhùn náà kọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó:

“Nínú jẹnẹrétọ̀ a.c., òpin kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan so mọ́ slip ring tirẹ̀, tí ń bá kọ́ìlì yí. Búrọ́ọ̀ṣì kan náà ni ó ń fara kan òrùka kan náà nígbà gbogbo, nítorí náà iná tí ń yí ọ̀nà padà nínú kọ́ìlì ń jáde sí wáyà ìta bí ó ṣe wà. Nínú mọ́tò d.c., split ring commutator ń yí ọ̀nà iná inú kọ́ìlì padà ní ìdajì ìyípo kọ̀ọ̀kan, nígbà tí kọ́ìlì bá dùbúlẹ̀ láàárín òòfà méjèèjì, kí agbára tí ń yí kọ́ìlì lè máa wà ní apá kan náà, kí kọ́ìlì sì máa yí lọ láìdúró.”

Mo sì fẹ́ béèrè: ṣé mo lè fi ọ̀rọ̀ AVR tí ẹ̀gbọ́n sọ kún ìdáhùn mi?

Olùkọ́ físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì, Sùúrùlérè

Inú mi dùn púpọ̀. Bí mo bá ń máàkì, n óò ti máa ka máàkì fún ọ láti ìlà àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ AVR jẹ́ òótọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ arákùnrin wa ní Ládípọ̀, ṣùgbọ́n má ṣe kọ ọ́ síbẹ̀. Kọ́ìlì ni ó ń yí láàárín òòfà nínú àwòrán ìdánwò, ohun tí ó wà nínú àwòrán tí wọ́n bi ọ́ ni kí o dáhùn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù tí a ó tún ṣe: “dùbúlẹ̀.” Padà sí àwòrán rẹ. Nígbà tí kọ́ìlì bá dùbúlẹ̀, pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òòfà kan, dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, ibẹ̀ sì ni agbára tí ń yí i ti pọ̀ jù. Bí iná bá yí padà níbẹ̀, pupa tí ń gòkè lọ́wọ́ yóò di èyí tí a tì padà sí ìsàlẹ̀, kọ́ìlì kò sì ní lè yí ká. Ìgbà tí kọ́ìlì bá nàró ni ó yẹ kí pààrọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ìyẹn nígbà tí pupa bá wà lókè pátápátá, tí dúdú wà nísàlẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, búrọ́ọ̀ṣì wà lójú àlàfo, iná kò wọ kọ́ìlì, eré tí ó ti ń sá bọ̀ ni ó ń gbé e kọjá. Nínú ìdánwò, wàá kọ ọ́ pé ojú kọ́ìlì wà ní igun 90 digírì sí pápá òòfà.

Jẹnẹrétọ̀ lè fi ohun kan náà hàn ọ́ pẹ̀lú ìṣirò. Ká ní kọ́ìlì ká ní ìgbà 100, fífẹ̀ ojú rẹ̀ jẹ́ 0.02 m², agbára pápá òòfà jẹ́ 0.5 T, ó sì ń yí ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bíi ti iná wa tí ó jẹ́ 50 Hz. ω (eré tí kọ́ìlì fi ń yí, 2π × 50) yóò jẹ́ 314, NABω (iye ìgbà tí kọ́ìlì ká × fífẹ̀ ojú rẹ̀ × agbára pápá òòfà × ω) yóò sì jẹ́ 314 V. E.m.f. (vóltéèjì tí kọ́ìlì ń mú jáde) tí ó pọ̀ jù nìyẹn, ìgbà tí kọ́ìlì bá sì dùbúlẹ̀ ni ó ń rí i. Nígbà tí ó bá nàró, 0 V ni. Ní 0 V yìí ni ọ̀nà iná inú kọ́ìlì ń yí padà, ibẹ̀ náà ni a sì ń fi àlàfo split ring sí, kí búrọ́ọ̀ṣì lè pààrọ̀ ìdajì nígbà tí kò sí iná tí yóò máa ta pàrà. Ìgbà 100 ni pààrọ̀ náà ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Akẹ́kọ̀ọ́ SS3, Èbúté-Mẹ́tta

Mo ti rí i, sà. Mo ti pa “dùbúlẹ̀” rẹ́, mo sì ti fi igun 90 digírì sí i. N óò mú un lọ fún olùkọ́ wa ní Yábàá lọ́la, n óò sì tètè dé kí n lè ṣáájú àwọn tí yóò tò.